Ẹni Méjì Ló Ń Ka Ìwé Mi

Èmi Àmínátù, ìyàwó Ṣéhù télọ̀, mi ò kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ lè pè é ní ìwà burúkú. Ìyá ọkọ mi pè é bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kú.

Mi ò mọ̀wé nígbà tí mò ń sọ yìí, ṣùgbọ́n ìwé ń wá sílé wa. Àwọn tó ń ra kíjìpá tí mo ń hun máa ń kọ lẹ́tà sí mi láti Òṣogbo àti Ìbàdàn. Bí ìwé bá dé, màá kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ Joseph, akọ̀wé kóòtù, kó kà á fún mi. Màá dúpẹ́. Lẹ́yìn náà màá ká a mọ́ ìró mi, màá rìn dé ìpẹ̀kun ìlú lọ́dọ̀ Bàbá Hezekiah tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, kí àwọn náà kà á. Joseph àti Bàbá Hezekiah ò kí ara wọn láti ìgbà tí wọ́n ti jà nítorí ààlà ilẹ̀. Ìdí tí mo fi yàn wọ́n nìyẹn. Bí ẹnu àwọn méjèèjì bá bára mu, mo gbà. Bí kò bá bára mu, a jẹ́ pé ẹnìkan ń purọ́.

Ohun kan tún wà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí. Kì í ṣe èmi nìkan, ní Ìlá, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n tèmi le ju ti ẹlòmíì lọ. Ọmọ méjì ni mo sin tẹ̀léra. Ọdún tí mo sin èkejì, obìnrin kan tó ń fún ọmọ labẹ́rẹ́ wá sí agboolé wa, ó to àwọn ọmọ sórí ìlà, ó ń nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n. Oṣù yẹn ò parí kí ibà tó mú ọmọ mi lọ. Ẹ má sọ fún mi pé ọ̀kan ò kan èkejì. Mo ti gbọ́ ọ rí. Nígbà tí mo wá bí obìnrin lẹ́yìn ìyẹn, bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Sàfúrátù, èmi sọ ọ́ ní Rẹ̀mílẹ́kún, mi ò sì jẹ́ kó jìnnà sí mi.

Ìgbà ọyẹ́, ní ìparí ọdún 1954, ni Dinah Oyèlẹ́yẹ gun kẹ̀kẹ́ ológeere wọ agboolé wa. Tíṣà ni, ará Ìgbájọ. Wọ́n ti ń kéde pé bí ọdún tuntun bá wọlé, ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, òun ni wọ́n sì ní kó máa kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò lọ́kọ, kò bímọ. Wọ́n ní ó tún fẹ́ du àyè nínú ìgbìmọ̀ ìlú láàárín àwọn ọkùnrin. Ohun tí mo gbọ́ nípa rẹ̀ ò lóǹkà. Wọ́n ní orúkọ tó ń kọ yẹn, wọn yóò fi gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin. Wọ́n ní ọmọ Mùsùlùmí tó bá jẹ́ Sàfúrátù wọ ilé-ìwé wọn, Rúùtù ló máa jẹ́ jáde. Èyí tó wá ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé ọmọbìnrin ló máa ń béèrè jù. Obìnrin tí kò bímọ, kí ló fẹ́ fi ọmọbìnrin ọlọ́mọ ṣe?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ṣàkírù," ó ní, ó kúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ yẹn gan-an, mo fura sí i. Ta ló sọ orúkọ àkọ́bí mi fún un?

"Ẹ kú àbọ̀, Tíṣà. Kí lẹ bá wá?"

"Orúkọ àwọn ọmọ tó tó ilé-ìwé lọ ni, mà. Ọmọ mélòó..." Ó wo ojú mi, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. "Ẹ sáà dárúkọ wọn fún mi."

Bàbá Ṣàkírù ti pàṣẹ fún mi láàárọ̀ pé kí n fi orúkọ àwọn ọmọkùnrin sílẹ̀. Mo dárúkọ wọn: Ṣàkírù, Sànúsí, Mùdáṣírù. Ó pè wọ́n, ó ní kí wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí wọ́n fi ba etí òsì. Bí wọ́n ṣe ń mọ ọmọ tó tó ọdún mẹ́fà nìyẹn. Mùdáṣírù ti lé lọ́dún méje, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kúrú, ó na ara kó tó bà á.

Sàfúrátù wà lẹ́yìn òfì mi. Aṣọ tó wà lórí òfì náà ti gùn dáadáa, mo ti kìlọ̀ fún un kó má mí. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti yọ jáde, ó gbé ọwọ́ gba orí, ó di etí mú ṣinṣin, ó ń rẹ́rìn-ín. "Èmi náà bà á, Màmá."

"Sàfúrátù, wọlé." Ohùn tí mo fi pè é, ewúrẹ́ tó wà níta sá.

Tíṣà bi mí bóyá ọmọ mi ni. Mo ní rárá, ọmọ àbúrò mi ni, ará Òkè-Ìlá, ó wá kí wa ni. Ẹ wò ó, eyín èjí tó wà lẹ́nu mi yìí náà ló wà lẹ́nu ọmọ yẹn. Tíṣà wo ẹnu rẹ̀, ó wo ẹnu mi.

"Ó dáa, mà," ó ní.

Ó ka orúkọ àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà fún mi, mo tẹ àtàǹpàkò mi sábẹ́ wọn. Ó dùn mí pé ẹnìkejì ò bá mi kà á, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti pàṣẹ. Lẹ́yìn tí mo tẹ̀ ẹ́ tán ni Tíṣà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sábẹ́ ibẹ̀. Mi ò mọ̀wé o, ṣùgbọ́n ahunṣọ ni mí, mo mọ ìlà. Ohun tó kọ kẹ́yìn yẹn gùn ju orúkọ lọ.

"Kí lẹ tún ń kọ?"

"Ohun tí mi ò fẹ́ gbàgbé ni, mà," ó ní. Ó pa ìwé dé, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Mi ò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ọdún 1955 wọlé, àwọn ọkùnrin wọ ṣòkòtò kakí tí bàbá wọn rán, wọ́n gba ilé-ìwé lọ. Sàfúrátù sunkún. Ó sunkún lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, kò jẹ ẹ̀kọ, ó ń fi èédú ya ìlà sára ògiri mi. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mi ò gbà. Ọmọ tó ń sunkún nítorí nǹkan, tó wá dákẹ́ láìjẹ́ pé a fún un, ó ti rí i gbà níbòmíràn. Ó ní ilé Àbíkẹ́, aládùúgbò wa, ni òun ń lọ ní àràárọ̀ láti bá wọn ran òwú. Mo béèrè lọ́wọ́ Àbíkẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi.

Mo tẹ̀lé ọmọ náà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò yà sílé Àbíkẹ́. Ilé-ìwé ló gbà lọ, ó wọlé bí ẹni wọ ilé bàbá rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kejì, ó gbé síléètì lé itan. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tíṣà ṣí ìwé ńlá kan, ó ń pe orúkọ. Mò ń retí Rúùtù. Mò ń retí Màríà. Mo ti pinnu pé bí mo bá gbọ́ ọ báyìí, ìlú á gbọ́ ohùn mi.

"Sàfúrátù Ṣéhù."

Ọmọ mi dìde, ó dáhùn lédè òyìnbó, ó jókòó.

Ẹ̀rù tó bà mí ju èyí tí ì bá bà mí lọ ká ní Rúùtù ni wọ́n pè é. Mi ò fún wọn ní orúkọ yẹn. Ẹni tó bá lè mú ọmọ mi pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀ láìgbà á lọ́wọ́ mi, kí ló tún kù tí kò lè mú? Mo wọlé, mo fa Sàfúrátù lọ́wọ́. Tíṣà tẹ̀lé mi jáde.

"Ìyá Ṣàkírù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo? Ẹ lọ bí tiyín, kí ẹ máa kọ orúkọ tiyín."

Gbogbo kíláàsì gbọ́ ọ. Tíṣà di etí férémù ilẹ̀kùn mú. Mo ti di arúgbó báyìí, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń dùn mí síbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Joseph ni mo gbà lọ tààrà. Ó wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ àpótí tí wọ́n kó ìwé orúkọ tí àwọn òbí tẹ̀ka sí pamọ́ sí wà. Mo mọ̀ pé òun àti Tíṣà jọ ń du àyè kan náà nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ó yẹ kí n fura, ṣùgbọ́n ìbínú ti bò mí lójú. Ó wá ìwé náà jáde, ó ka orúkọ àwọn ọkùnrin mẹ́ta, ó fi àtàǹpàkò mi hàn mí. Lẹ́yìn náà ó kà á pé, "Sàfúrátù Ṣéhù, ọmọ obìnrin, ọdún mẹ́fà." Ẹnu rẹ̀ dúró níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣì ń rìn lórí ìwé náà. Mo rí i, Ọlọ́run sì mọ̀ pé mo rí i.

"Ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò yín ló kọ eléyìí sí," Joseph ní. "Lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ṣé ẹ lọ́mọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Joseph yìí jẹ ẹran lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ náà lórúkọ. Ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bó ṣe béèrè rẹ̀ nínú ọ́fíìsì, tó gbé kálàmù sókè, ó dà bí ẹni tó tún fẹ́ nàka sí àwọn ọmọ mi, kó máa kà wọ́n. Mo tún irọ́ mi pa.

"Ọmọ àbúrò mi ni, ní Òkè-Ìlá."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé, mo tẹ̀ka, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Bàbá Hezekiah ò rí ìwé yẹn. Yàtọ̀ sí èyí tí ọkọ mi pàṣẹ, òun nìkan ni ìwé tí mo jẹ́ kó kọjá lẹ́nu ẹnìkan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ kẹta, Àbíkẹ́ sáré wọlé wá bá mi. Ó ní ọ̀gá àwọn ilé-ìwé ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Joseph ti fẹjọ́ sùn pé Dinah Oyèlẹ́yẹ ń kọ orúkọ ọmọ tí kò sí, kí iye àwọn ọmọbìnrin lè pọ̀ lójú ìlú. Bí ọ̀gá bá dá a lẹ́bi, Tíṣà á fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn á sì pa orúkọ gbogbo ọmọbìnrin tó kọ rẹ́. Ti Sàfúrátù ni wọn á kọ́kọ́ pa rẹ́, torí ìwé tí ìyá rẹ̀ tẹ̀ka sí wà.

"Ọmọbìnrin tèmi náà wà níbẹ̀," Àbíkẹ́ ní. "Mi ò sọ fún ẹ torí mo mọ ẹnu ẹ."

Nígbà tí ó lọ tán, Sàfúrátù jáde láti ẹ̀yìn òfì. Láti ọjọ́ tí mo ti fà á kúrò nílé-ìwé, ibẹ̀ ló ń jókòó sí. Kò sunkún. Ó ní, "Màmá, ta ni màmá mi tó wà ní Òkè-Ìlá?"

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n to àga sí ìloro ilé-ìwé. Ọ̀gá náà jókòó láàárín, Joseph wà lọ́tùn-ún rẹ̀ pẹ̀lú ìwé, Tíṣà dúró. Ìdajì ìlú wà lábẹ́ igi. Bàbá Hezekiah wà níwájú nítorí wọ́n fẹ́ rí ìtìjú Joseph bó bá ṣubú. Joseph ka ìwé orúkọ, ó ka ìwé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò mi méjèèjì hàn. Ọ̀gá béèrè lọ́wọ́ Tíṣà pé ọmọ ta ni Sàfúrátù. Tíṣà ní ọmọ Ìyá Ṣàkírù ni.

Mo wo àwọn tó wà lábẹ́ igi. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Àwọn kan ti gbé e pọ̀n rí. Ṣùgbọ́n wọ́n wolẹ̀, gbogbo wọn. Ta ni yóò ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Mi ò bínú sí wọn. Èmi náà ì bá wolẹ̀.

"Màmá," ọ̀gá náà sọ fún mi, kò sì burú lẹ́nu, "ó rọrùn. Ọmọ mélòó lẹ bí?"

Mo rí ìka obìnrin alábẹ́rẹ́ ọjọ́sí, mo rí i kedere.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà," Tíṣà ní. "Ẹ má bi wọ́n ní ìyẹn. Ìyá tèmi náà ò kà wá rí. Bó bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ yọ orúkọ náà. Èmi ni mo kọ ọ́, kí ẹ̀bi rẹ̀ jẹ́ tèmi."

Mo wò ó. Obìnrin tí mo bú lójú àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀, tó mọ̀ pé ìdáhùn mi nìkan ló lè gba òun là, ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má bi mí. Mo wá ẹ̀tàn lójú rẹ̀, mi ò rí i. Mo tún un wá. Ìgbà náà ni mo rántí ojú Joseph tó ń rìn lórí ìwé nígbà tí ẹnu rẹ̀ ti dúró.

"Ẹnìkan ló ka ìwé orúkọ yìí," mo ní. "Ìwé mi, ẹni méjì ló ń kà á. Ẹ gbé e fún Bàbá Hezekiah."

Joseph ní àkókò ti lọ. Ọ̀gá ní kó gbé e sílẹ̀. Bàbá Hezekiah wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á lédè òyìnbó, wọ́n wá sọ ọ́ ní Yorùbá kí gbogbo wa lè gbọ́:

"Sàfúrátù Ṣéhù, ọmọ obìnrin, ọdún mẹ́fà. Ọmọ ìyá yìí ni. Ó jọ pé ó ti sin ọmọ rí, ẹ̀rù ń bà á. Ẹ má bi í ní iye. Ẹ bá ọmọ náà di àyè rẹ̀ mú."

Joseph ń to ìwé tó ti tò tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti sin ọmọ mi kejì, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe mí, kódà bàbá wọn ò mọ̀ ọ́n. Àlejò tó wọlé lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀ ọ́n, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà gbàgbé.

Mo dìde.

"Mẹ́fà ni mo bí," mo ní. "Méjì wà nílẹ̀. Mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣàkírù, Sànúsí, Mùdáṣírù, Sàfúrátù. Ẹ̀kẹrin ni Sàfúrátù. Mi ò ní àbúrò kankan ní Òkè-Ìlá."

"Ọlọ́run á dá wọn sí," obìnrin kan sọ lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́. Àwọn yòókù ṣe àmín.

Ọ̀gá náà fa ìwé Joseph ya. Sàfúrátù padà sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ kí oòrùn tó ga.

Ṣùgbọ́n mo ti kà wọ́n, mo sì ti fi ẹnu ara mi kà wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mi ò lè hunṣọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà agboolé, mò ń wo ọ̀nà. Ṣàkírù dé. Sànúsí dé. Mùdáṣírù dé, ó ti sọ bọ́tìnì nù. Mo bi wọ́n léèrè àbúrò wọn, wọ́n ní àwọn ò rí i. Mo dúró. Àwọn ọmọ ilé kejì kọjá, àwọn ọmọ Àbíkẹ́ kọjá. Mò ń sọ fún ara mi pé ẹnu mi ló pa á, ẹnu mi náà ló pa á.

Kẹ̀kẹ́ ológeere yọ ní kọ̀rọ̀. Tíṣà ń tì í bọ̀, Sàfúrátù jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó di ìjókòó mú. Tíṣà ní ó sùn lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní bóyá kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ díẹ̀.

Mo gbé ọmọ mi sọ̀kalẹ̀. Mo fọwọ́ kan orí rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀. Ara rẹ̀ ò gbóná.

"Tíṣà," mo ní, "ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín lọ́jọ́sí..."

"Mo ti gbọ́ ọ rí, mà," ó ní. Ó mú ìwé kékeré kan jáde láti inú báàgì rẹ̀, ó fún mi. "Tiyín ni."

Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. "Kí ló wà níbẹ̀? Ta ló máa kà á fún mi?"

"Sàfúrátù ni. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, á ti lè kà á."

"Ẹni méjì ló ń ka ìwé mi."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ẹnìkejì. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti kúrò ní kíláàsì, àwọn ìyá lè wá jókòó sí àyè wọn."

Mo lọ. Mo sọ fún Àbíkẹ́ pé mo fẹ́ lọ ṣọ́ ohun tó ń kọ́ àwọn obìnrin ni. Tíṣà pàdánù àyè tó ń du lọ́dún yẹn. Nígbà tó tún du àyè, a tò láàárọ̀ kùtùkùtù láti dìbò fún un, ó sì wọlé, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó bá wọn jókòó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ kan nígbà òjò, mo yọ ìwé kékeré náà láti ìdí àpótí aṣọ mi. Mo fi ìka tẹ̀lé e, mo kà á. Mo wá pe Sàfúrátù, mo ní kó kà á láìwo ẹnu mi. Ohun tí mo kà náà ló kà. Orúkọ àwọn ọmọ mi ni, láti orí Ṣàkírù títí dé orí Sàfúrátù, pẹ̀lú Rẹ̀mílẹ́kún, tó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún Tíṣà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Kò kọ iye sí i.